Ṣé dandan ni kéèyàn máa mú káàdì zairyū kiri ní Japan?

Àbúrò mi, o béèrè bóyá o lè fi káàdì zairyū rẹ, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba Japan ń fún àjèjì tó wá gbé ìlú wọn fún ìgbà pípẹ́, sílé, kí o máa fi àwòrán rẹ̀ tó wà lórí fóònù jẹ́rìí, torí ẹ̀rù ń bà ọ́ pé ó lè sọnù. Rárá o. Mú un dání. Bó o bá tiẹ̀ fẹ́ lọ da ilẹ̀ nù lásán, mú un dání. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16, tó sì ní káàdì yìí, òfin fi dandan lé e pé kó wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Wọn kì í gba fọ́tòkọ́pì dípò rẹ̀, wọn kì í gba àwòrán fóònù. Owó ìtanràn ẹni tí kò mú un dání lè tó 200,000 yen. Ẹni tó bá mú un dání àmọ́ tó kọ̀ láti fi han ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n ọdún kan lè kàn án. Ti páṣípọ́ọ̀tù, fi í sílé. Àwọn tó wá ṣàbẹ̀wò ránpẹ́ ló ń mú ìyẹn kiri.

Àmọ́ káàdì tèmi wà lápò mi lọ́jọ́ tí ojú mi rí màbo, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Físà mi fẹ́ parí, mo sì ti kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n fi kún un kí ọjọ́ tó pé. Òfin sọ pé bó o bá ti béèrè kí ọjọ́ tó wà lójú káàdì tó kọjá, o lè máa gbé ìlú wọn lọ títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn, tàbí títí oṣù méjì á fi kọjá lẹ́yìn ọjọ́ náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n fúnra rẹ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn káàdì rẹ̀ pé ìwé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn. Ẹni tó bá ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rí òǹtẹ̀ kankan. Ímeèlì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i, òun náà sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ọjọ́ ojú káàdì mi kọjá. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, mo jáde nínú ibùdó rélùwéè, ni ọlọ́pàá méjì bá dá mi dúró. Wọ́n gba káàdì, wọ́n wo ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo káàdì. Wọ́n yí i sẹ́yìn, kò sí òǹtẹ̀. Mo ṣí ímeèlì hàn wọ́n, èyí tó dàgbà nínú wọn ní ta ni kò lè kọ ímeèlì. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé mo jalè. Wọ́n mú mi dé àgọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní kōban, láti ibẹ̀ mọ́tò wọn gbé mi lọ sí àgọ́ ńlá. Wọ́n tú báàgì mi, wọ́n to gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Níbo lo ti wá? Kí lò ń ṣe níbí? Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́? Bí ọ̀kan bá bi mí tán tó jáde, òmíràn á wọlé, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo ní kí wọ́n pe ìmígíréṣọ̀n, wọ́n ní ọ́fíìsì ti tì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pe ọ̀gá mi, wọ́n ní kí n dúró ná. Mo dúró, mo dúró, oorun ń kùn mí, n kò sì lè sùn. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ni ẹnì kan tó mọ òfin náà dé. Ó ka ímeèlì yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí n máa lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n má bínú. Àwọn tó ń fi òfin mú èèyàn ni wọn ò mọ òfin yẹn! Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ẹni tó ń bá àwọn àjèjì ṣe ìwé, tó sì gbowó lọ́wọ́ mi, mo ti bi í tẹ́lẹ̀. Ó ní kò séwu, ímeèlì ti tó. Òun ń sùn nílé rẹ̀ nígbà tí mo wà lágọ̀ọ́. Bí ìwọ náà bá kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ ímeèlì yẹn sórí bébà, kí o ká a pọ̀ mọ́ káàdì.

Ọlọ́pàá tó bá ní kí o mú káàdì wá, o lè rọra ní kí òun náà fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn ọ́. Abala 23 nínú òfin ìwọlé-wọ̀de wọn, èyí tó ní kí o mú káàdì dání, ló fún ọ láyè yẹn. Òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ọdún 1948 sì sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fipá mú èèyàn lọ sí àgọ́ torí ìbéèrè lásán. Má sáré o, má sì fọwọ́ kan ọlọ́pàá, torí wọ́n lè tìtorí ìyẹn mú ọ ní tòótọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn mẹ́ta gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù ní Tokyo pé àwọ̀ ara àwọn ni ọlọ́pàá ń wò tí wọ́n fi ń dá àwọn dúró léraléra. Inú mi dùn pé ẹnì kan dìde.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá nawọ́ lo máa gbé káàdì fún. Hòtẹ́ẹ̀lì ò lè fi dandan lé e fún ẹni tó ní àdírẹ́sì ní Japan, kọ àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀, ó tán. Ẹni tó bá ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ní kí o kọ́kọ́ fi àwòrán káàdì ránṣẹ́, sá fún un. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú káàdì wà níta.

Ti pé ó lè sọnù: lọ sọ ní kōban, gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, kí o lọ sí ìmígíréṣọ̀n láàárín ọjọ́ 14. Wọn kì í gbowó fún tuntun. Bó o bá kó lọ sílé mìíràn, ọjọ́ 14 náà lo ní láti fi sọ àdírẹ́sì tuntun ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn o ti mọ̀.

Àbúrò rẹ ọmọ ọdún 15 tó o mẹ́nu bà, òfin ò ní kó máa mú tiẹ̀ kiri báyìí. Àmọ́ wo ojú káàdì rẹ̀ dáadáa, ó lè parí ní ọjọ́ ìbí ọdún 16 rẹ̀ tàbí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, bí físà rẹ̀ ò bá parí ṣáájú. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìbí yẹn ni wọ́n ti máa ń gba ìwé fún tuntun, ẹ tètè lọ.