Kí ẹ tó bèèrè ìtumọ̀ Clarke, ẹ bèèrè abúlé

Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ẹ ní ọkọ ọmọ yín ń jẹ́ Clarke, pé àwọn kan sọ fún yín pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn àna yín sì ní ará Írẹ́lándì làwọn látayébáyé. Ẹ fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ kí ẹ tó ra àwòrán asà ìdílé (coat of arms) tí ẹnì kan ń tà, kí ẹ fi ta ọmọ náà lọ́rẹ lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó. Clarke lọkọ tèmi náà ń jẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá orírun orúkọ yẹn nítorí àwọn ọmọ mi, mo sì ti ra irú asà bẹ́ẹ̀ rí ní pọ́n-ùn 45.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn.

Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Clarke kò ju akọ̀wé lọ. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọ ló mọ̀wé jù, clericus sì ni wọ́n ń pè wọ́n lédè Látìnì. Àlùfáà àgbà kò gbọdọ̀ láya, àmọ́ àwọn tí ipò wọn kéré lè gbéyàwó, wọ́n sì bímọ. Ọmọ akọ̀wé di Clerk, ẹnu sì ń pe "er" inú rẹ̀ ní "ar" títí ó fi di Clark àti Clarke. Gbogbo ìlú ló ní akọ̀wé tirẹ̀, nítorí náà Clarke ti Kent àti ti Yorkshire kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Bí ẹ bá gbọ́ Àyàndélé, ẹ mọ̀ pé ilé onílù ni. Ẹ ò jẹ́ tìtorí ẹ̀ sọ pé ọmọ ìyá ni gbogbo onílù.

Ti Írẹ́lándì yàtọ̀. Ó Cléirigh ni orúkọ náà lédè Gaelic, èdè àbínibí wọn. "Ó" ni àtọmọdọ́mọ, orúkọ ẹnì kan pàtó sì ni Cléireach, tí ìran rẹ̀ jọba lé Aidhne lórí ní gúúsù Galway. Ìwé ìtàn ọdọọdún wọn kọ ikú Tigherneach Ua Cléirigh, olúwa Aidhne, sí ọdún 916. Kò pọ̀, orúkọ ìdílé ní Yúróòpù tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Nígbà tó yá, ilẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n fọ́n ká. Àwọn kan dé Cavan. Àwọn tó dé Donegal di òpìtàn ìdílé O'Donnell, bí arọ́kin ṣe jẹ́ fún Aláàfin. Inú ìran yẹn ni Mícheál Ó Cléirigh ti wá, ẹni tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó láti 1632 sí 1636, tí wọ́n kó ìtàn ilẹ̀ Írẹ́lándì jọ sínú Annals of the Four Masters. Mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ orúkọ yìí, bó bá tiẹ̀ jẹ́ òun nìkan ló mọ̀.

Ọ̀nà wo wá ni Ó Cléirigh gbà di Clarke? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti 1465 ni òfin kan ti wà pé kí àwọn ará Írẹ́lándì tó ń gbé ní agbègbè Dublin, Meath, Louth àti Kildare gba orúkọ Gẹ̀ẹ́sì: orúkọ ìlú, tàbí ti àwọ̀, tàbí ti iṣẹ́ bíi Smith àti Cook. Òfin yẹn kò dé Cavan, àmọ́ nígbà tí agbára Gẹ̀ẹ́sì dé gbogbo ilẹ̀ náà, akọ̀wé ìjọba ló ń di gègé mú. Àwọn kan di Cleary. Lápá àríwá, àti ní Cavan pàápàá, wọ́n túmọ̀ ọ̀pọ̀ sí Clarke, torí pé láti inú clericus kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jáde.

Àṣìṣe tèmi ni pé orúkọ ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo rí ni ìwé ìgbéyàwó bàbá àgbà àgbà ọkọ mi ní Liverpool, 1879. Irú ìwé yẹn ń kọ orúkọ bàbá ọkọ ìyàwó àti iṣẹ́ rẹ̀, kì í kọ ibi tí wọ́n ti bí i. Mo wá rí Clarke kan nínú ìwé ìkànìyàn, orúkọ àti ọjọ́ orí bára mu, ará Norfolk. Ọdún méjì gbáko ni mo fi tọ ìran ẹni ẹlẹ́ni.

Ìyá ọkọ mi ló yọ wá. Káàdì ìrántí òkú kan ló jábọ́ látinú ìwé àdúrà rẹ̀, kò tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ abúlé kan ní ìwọ̀ oòrùn Cavan sẹ́yìn rẹ̀. Townland ni wọ́n ń pe irú abúlé bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà ni ọ̀nà ti là. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ibẹ̀ kọ ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ ní 1841 bíi Clery. Ní 1848 ó kọ àbúrò, èyí tó lọ sí Liverpool, bíi Clarke. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, abúlé kan náà.

Ẹ̀gbọ́n yẹn kò kúrò nílé. Mo rí fọ́ọ̀mù ìkànìyàn rẹ̀ ti 1901. Níbi èdè, wọ́n kọ Irish and English. Níbi ẹ̀kọ́, wọ́n kọ cannot read. Nísàlẹ̀, níbi tí olórí ilé ti ń fọwọ́ sí i, àgbélébùú kékeré kan tó wọ́ ni ó fà. Ọmọ ìran àwọn tó kọ ìtàn ilẹ̀ wọn sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Akọ̀wé. Mo sunkún níwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ orí dà yín láàmú o. Ọmọ ọdún 56 ló pe ara rẹ̀ ní 1901, ó di 72 ní 1911. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1909 fún ẹni tó bá pé 70, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì ní ìwé ìbí, torí náà àwọn kan bù kún ọjọ́ orí wọn.

Ọ̀fẹ́ ni ìwé ìkànìyàn 1901 àti 1911 lórí ìkànnì National Archives ti Írẹ́lándì. Ìwé ìrìbọmi wà lọ́dọ̀ National Library wọn, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ má wá ìkànìyàn tó ṣáájú 1901 títí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti jóná nílé ẹjọ́ Four Courts, Dublin, ní 1922, tàbí kí ìjọba fúnra rẹ̀ ti bà á jẹ́.

Ní ti asà, kò sí asà fún orúkọ. Ẹnì kan àti àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni College of Arms ń fún lásà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sì rántí Àjàyí tiwa: orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ́nù, Samuel Crowther, ni wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un ní 1825. Ta ló máa gbé asà ìdílé àlùfáà yẹn fún àwọn ọmọ Àjàyí?

Nígbà tí a kó ọmọ wa kẹta jáde, bàbá mi bèèrè orílẹ̀ ọmọ lápá bàbá. Mo dárúkọ abúlé yẹn, mo ní ọmọ Ó Cléirigh ni. Bàbá mi tún un pè lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá a lẹ́nu, ó wá fi kún àdúrà.

Ẹ bi àwọn àna yín bóyá káàdì òkú, lẹ́tà àtijọ́ tàbí ìwé àdúrà kan wà nílé. Bí ẹ bá ti rí orúkọ abúlé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọdún tí bàbá àgbà wọn kúrò nílé, a ó jọ wò ó.