Ṣé inú "iná" ni fìtínà ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Oníwàásù wa ní "fi-tì-iná" ni fìtínà, pé ẹni tó bá ń ti ọmọnìkejì sínú iná ni onífìtínà. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbi ìpàdé àwa ayálégbé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé èébú sì ni bí mo bá pe onílé wa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ béèrè, ó sì ti ń sú mi.

Ẹ pe fìtínà sókè: dò-mí-dò. Ẹ wá pe "fi", "tì" àti "iná" pọ̀: fitìná, re-dò-mí. Ta ló dorí ohùn kodò? A máa ń pa fáwẹ́lì jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn kì í ṣàdédé yí padà báyẹn. Ta ló sì ń sọ pé "mo fi tì iná"? "Mo tì í síná" la ń wí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ la ó máa gé ọ̀rọ̀, a jẹ́ pé "fi-tì-ilá" ni fìtílà, ká wá máa wá ọbẹ̀ kiri.

Fitna ni Lárúbáwá ń pè é, Haúsá ń pè é ní fitina. Ẹnu wa kì í gba t àti n pọ̀ láìsí fáwẹ́lì láàárín. Ẹ má sì sọ pé ti Mùsùlùmí nìyẹn o: àdúrà àti ìwàásù tí ẹ̀ ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú Lárúbáwá náà ni wọ́n ti wá.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé iná wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ iná alágbẹ̀dẹ wúrà ni. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá àtijọ́ ní yíyọ́ wúrà nínú iná, kí ojúlówó lè yàtọ̀ sí ayédèrú, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti di ìdánwò: Súrà 8, áyà 28 nínú Kùránì, pe dúkìá àti ọmọ ní fitna. Ó tún di rògbòdìyàn: ogun tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn ikú Kálífà Uthman, olórí wọn, lọ́dún 656 ni wọ́n ń pè ní fitna àkọ́kọ́. Fún àlàyé Kùránì, ẹ lọ bá áfáà. Èdè ni tèmi.

Èyí tó korò nínú rẹ̀ làwa mú. Ìjà lè parí lọ́sàn-án. Fìtínà a máa báni sùn, a máa báni jí. Onílé tó bú yín lẹ́ẹ̀kan kò tíì fìtínà yín.

Èébú ńkọ́? Èébú ni. Bó bá máa wọ inú lẹ́tà, ẹ kọ́kọ́ fi han lọ́yà, n kò mọ òfin. Ohun tó ṣe gan-an ni kí ẹ kọ: ọjọ́ tó gé iná yín, ọjọ́ tó ti kànga pa.