Púrótéènì tó ń ṣù sí ìsàlẹ̀ túúbù: mo ti jẹ ìyà ẹ̀ rí

Àbúrò, o ní nínú E. coli, bakitéríà tá a fi ń ṣe púrótéènì, èwo nínú àwọn chaperone (púrótéènì tó ń ran púrótéènì mìíràn lọ́wọ́ láti ká bó ṣe yẹ) ló kọ́kọ́ ń dé ìdí púrótéènì tuntun, DnaK ni àbí GroEL, torí tìẹ ṣáà ń ṣù. Kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Chaperone mìíràn tó ń jẹ́ trigger factor ni, ẹnu ihò tí púrótéènì ń gbà jáde lára ráíbósómù, ẹ̀rọ tó ń ṣe púrótéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, ló jókòó sí. Èyí tó bá ṣì nílò ìrànlọ́wọ́, DnaK àti DnaJ tó ń bá a ṣiṣẹ́ á gbà á, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ GroEL. Ó parí.

Ohun tó dùn mí gan-an nìyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n ní kó wá tọ́ wa sọ́nà ṣáà ń pariwo pé ká fi IPTG, èròjà tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì kó máa ṣe púrótéènì náà, kún un, a fi kún un, ńṣe ló tún ń ṣù sí i! Púrótéènì tí ò tíì ká tán, àwọn ibi tí kì í fẹ́ rí omi lára ẹ̀ ṣì wà níta, tí wọ́n bá ti pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, bí ìgbà tí èèyàn da èlùbọ́ sómi gbígbóná láì rò ó, kókó ló máa dì. Chaperone tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ò lè kápá gbogbo ẹ̀. Ohun tó yẹ ni kó o dín IPTG kù, kó o sọ 37°C di 18°C, kó o fi í sílẹ̀ dilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo wa níbí, ta ló ní iná dilẹ̀ mọ́? Wọ́n á mú iná lọ lóru, kílẹ̀ tó mọ́ gbogbo ẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo lọ bẹ̀bẹ̀ díísù jẹnẹrétọ̀, ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú ní ṣé àwọn kòkòrò yẹn ò lè dúró di Mọ́ńdè ni. Ẹ gbọ́ mi o!

Ẹ̀wẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé chaperone ló ń kọ́ púrótéènì bó ṣe máa rí. Irọ́ ni. Iṣẹ́ Anfinsen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gba Nobel ní 1972, fi hàn pé bí àwọn amino acid, ẹ̀yà kéékèèké tó so pọ̀ di púrótéènì, ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ló ti ní ìrísí náà nínú. GroEL kàn ń fún un ní ibi ìkọ̀kọ̀ ni: òrùka méjì, ẹyọ 7 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, GroES á dé e lórí bí ìdérí, ATP tó ń fún un lágbára á ṣiṣẹ́, bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ti ṣí nìyẹn. Tí tìẹ bá tóbi ju bíi 60 kDa (ohun tá a fi ń wọn ìwúwo púrótéènì) lọ, kò ní gbà á sínú, má fowó ṣòfò.

Tó o bá fẹ́ lo pGro7, òrùka DNA tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe GroEL sí i, arabinose, ṣúgà tó ń jí i ṣiṣẹ́, ni kó o kọ́kọ́ fi sí i, kí GroEL ti wà nílẹ̀ kí IPTG tó dé. Má sì fi í sínú sẹ́ẹ̀lì tó ní pLysS, òrùka DNA mìíràn, o: chloramphenicol, oògùn apabakitéríà tá a fi ń yan sẹ́ẹ̀lì tó gba òrùka náà, kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

Ìlà tó bá yọ nítòsí 60 kDa lórí jẹ́lì, ibi tá a ti ń ya púrótéènì sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi tó, ńkọ́? Tẹkiníṣàn wa bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo kú oríire, ó ti jáde. GroEL tó rọ̀ mọ́ púrótéènì mi ló ń wò! Fi ATP àti magnesium fọ kọ́lọ́mù, túúbù tá a fi ń ya púrótéènì tìẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù, kó o tó gba púrótéènì jáde, tí ìlà yẹn bá pòórá, kì í ṣe tìẹ.