Òjò ò dá ní London: ibo la lè kó àwọn ọmọ lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ìparí oṣù kẹwàá, èmi àtàwọn ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún méjìlá, ń lọ lo ọjọ́ márùn-ún ní London. Àbúrò mi tó wà níbẹ̀ ní òjò lè rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibo la lè wò tí òjò ò ní pa wá, tí owó ò sì ní tán lọ́wọ́ wa? (Ìyá Ṣọlá, Ìsàlẹ̀ Èkó)

ÌDÁHÙN: Òjò London kì í ṣe irú èyí tó ń sọ Ìdúmọ̀tà di odò. Wínníwínní ni, àmọ́ kì í tètè dá, atẹ́gùn sì máa ń yí agboòrùn sódì. Aṣọ òjò tó ní fìlà ni kẹ́ ẹ rà.

South Kensington ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ nínú reluwé abẹ́ ilẹ̀, ẹ má tíì bọ́ sí títì. Ẹ tọ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kọ "Museums" sí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́ta ló já sí, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú Natural History Museum, ní gbọ̀ngàn tó kọjú sí Cromwell Road, egungun ẹja àbùùbùtán kan rọ̀ láti òkè àjà: mítà 25.2, ó gùn ju bọ́ọ̀sì BRT méjì tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn. Àsìkò ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé ibẹ̀ lẹ ń lọ yìí, èrò á pọ̀. Ẹ ti Èkó gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti aago mẹ́wàá àárọ̀, torí inú òjò ni ẹni tí ò ní in ti lè máa tò.

Ẹ fi British Museum sí ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà nìkan ni kì í tì títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Ẹ má gbé báàgì onítáyà lọ, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Yàrá 25 ní ìsàlẹ̀ ni ti Áfíríkà. Ibẹ̀ ni pátákó idẹ Bìní wà, èyí tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ́dún 1897. Ẹ ní káwọn ọmọ wo igun wọn: ihò ìṣó ni wọ́n máa rí, torí ara òpó ààfin ni wọ́n kàn wọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀. (Oníkan ò jìnnà sí yín, ẹ kọ́kọ́ mú wọn dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, ojú wọn á ti mọ nǹkan.)

Ojú ọ̀nà gan-an lowó ti ń jò. Káàdì tẹ́ ẹ fi kan ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ wọlé reluwé náà ni kẹ́ ẹ fi kàn án bẹ́ ẹ bá ń jáde. Bẹ́ ẹ bá fi fóònù wọlé, tẹ́ ẹ fi káàdì jáde, ẹni méjì lẹ̀rọ á kà yín sí, á sì yọ owó tó ga jù lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò ní sanwó bó bá wà pẹ̀lú yín. Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ ra Oyster, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní London, fún un, kẹ́ ẹ mú òun fúnra ẹ̀ lọ bá òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ reluwé, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ Young Visitor discount: ìdajì owó ló máa san fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ kì í gba owó bébà tàbí owó ẹyọ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì máa fi káàdì kan ẹ̀rọ, nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé.