Wọkí-tọkí wo ló yẹ kí ẹ rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò méjì ni ìdílé wa máa ń gbé láti Houston lọ sí Atlanta, fóònù kì í sì ṣiṣẹ́ láwọn ibì kan lójú ọ̀nà. Mo rí oríṣi wọkí-tọkí méjì lọ́jà, FRS àti GMRS, máìlì 35 ni wọ́n kọ sára páálí méjèèjì. Èwo ni kí n rà? (Òǹkàwé, Houston)

Ìdáhùn: Ẹ gbàgbé máìlì 35 yẹn. Orí òkè sí orí òkè, tí ohunkóhun kò dí àárín, nìkan ló ti lè rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì rédíò tí wọ́n ń lò (462 sí 467 MHz) kì í tẹ̀ bí ilẹ̀ ayé ṣe tẹ̀. Kódà lórí pápá tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni méjì bá dúró pẹ̀lú rédíò lẹ́nu, nǹkan bíi máìlì 6 ni ilẹ̀ á ti bo ọ̀kan mọ́ èkejì lójú. Níbi tí ilé bá ti pọ̀, ó lè má tó máìlì kan.

FRS kò gba ìwé àṣẹ. Ìkànnì 22 ló ní, wáàtì 2 sì ni agbára rẹ̀ lè mọ, àfi ìkànnì 8 sí 14 tó jẹ́ ìlàjì wáàtì. Ibi tó ti máa dùn yín ni pé òfin kò jẹ́ kí ẹ pààrọ̀ áńténà rẹ̀. Irin ni ara mọ́tò, ó sì máa ń dá ìgbì dúró, nítorí náà ẹ gbé rédíò sún mọ́ fèrèsé, kí áńténà nàró.

GMRS ń lo ìkànnì 22 kan náà, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé áńténà sórí òrùlé mọ́tò. Àwọn tó ṣeé mú lọ́wọ́ sábà máa ń jẹ́ wáàtì 5. Ẹ tún lè gba inú rìpítà kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ orí òpó gíga tó ń gbọ́ ohùn yín tó sì ń tún un sọ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tó ni ín bá gbà fún yín. Dọ́là 35 ni FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, ń gbà fún ìwé àṣẹ ọdún 10, kò sí ìdánwò. Ìwé ẹnì kan tó ti pé ọdún 18 kárí ọkọ, aya, ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, títí dé orí àna. Ọ̀rẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Bí mọ́tò yín bá ń tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, FRS oníwáàtì 2 tó, lórí ìkànnì 15 sí 22. Bí wọ́n bá ń jìnnà síra, GMRS pẹ̀lú áńténà orí òrùlé ni. Ẹ má pín wọn, kí ọ̀kan gba FRS, kí èkejì gba GMRS: ti FRS á gbọ́ yín, ẹ̀yin lè má gbọ́ ọ padà.

Ìbéèrè: Ṣé kóòdù àṣírí tó wà nínú rédíò ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ wa?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohùn kékeré kan ni, bíi 67 Hz, tó ń bá ọ̀rọ̀ yín rìn. Rédíò yín á dákẹ́ títí yóò fi gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fi tirẹ̀ sí 0 ń gbọ́ gbogbo yín. Ẹ má sọ lórí rẹ̀ pé kò sẹ́ni nílé. Bí rédíò méjì tí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ò bá gbọ́ra, ẹ fi méjèèjì sí 0 ná. Ìdí ni pé kóòdù 2 lè jẹ́ 71.9 Hz lára ọ̀kan, kó jẹ́ 69.3 lára èkejì.

Ìbéèrè: Àbúrò mi mú FRS méjì wá láti Amẹ́ríkà. A fẹ́ fi pe àwọn tó wà ní kíṣìnì nígbà òde nínú họ́ọ̀lù. (Òǹkàwé, London)

Ìdáhùn: Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ìgbì yẹn kì í ṣe ti gbogboogbò ní Bìrìtìkó. PMR446, irú wọkí-tọkí tí òfin ibẹ̀ gbà fún gbogbo ènìyàn, ni kí ẹ rà: ìlàjì wáàtì, ìkànnì 16, kò gba ìwé àṣẹ. Àwọn àtijọ́ ní ìkànnì 8 péré, nítorí náà kí gbogbo yín wà láàárín 1 sí 8. Bí kíṣìnì bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ẹni ibẹ̀ dúró nítòsí àtẹ̀gùn, kó sì lo gbohùngbohùn etí nítorí ariwo ìlù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kúrò, "ẹ má tíì gbé ìrẹsì wá" á sì di "gbé ìrẹsì wá." Lẹ́yìn òde, ẹ yọ bátìrì, torí omi inú rẹ̀ máa ń jò, á sì ba irin tó fara kàn jẹ́.