Ẹ gbà wọ́n sílé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe àdéhùn

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń béèrè bóyá kí àwọn fi yàrá méjì háyà fún ìdílé kan tó sá fún ogun wá láti Kamẹrúùnù, mo ti rí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ fún yín: olè ni wọ́n, wọn ò ní sanwó, wọn ò sì ní lọ mọ́. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kí àdéhùn yín yéra yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Inú ilé tí ogunléndé ti jẹ́ ayálégbé ni mo dàgbà sí.

Orù-Ìjẹ̀bú ni, nítòsí Àgọ́-Ìwòyè. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí àgọ́ síbẹ̀ fún àwọn ará Làìbéríà, lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kejìlá 1989. Àwọn ará Sàró (Sierra Leone) náà wá kún wọn nígbà tí ogun tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Títí di 2012 ni àgọ́ náà fi wà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ díẹ̀ ṣe á wá yàrá sígboro. Bí obìnrin Làìbéríà kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ ṣe di ayálégbé màmá mi nìyẹn.

Kíá ni màmá mi gbà á. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Kùmásí ní Gánà ni wọ́n bí wọn sí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ọjà sílẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù sá wálé. Ilé ẹbí tí màmá mi kò dé rí ni wọ́n kó wọn dé. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wá ń kìlọ̀ fún wọn nítorí obìnrin yìí, èsì wọn kò yí padà: "Wọ́n gba èmi náà sílé."

Ìjà àkọ́kọ́, lórí ewé ẹ̀gẹ́ ni. Àwọn ará Làìbéríà àti Sàró máa ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ àti ewé ọ̀dùnkún. Lọ́dọ̀ tiwa, ewúrẹ́ là ń já a fún. Wọ́n á já èyí tó ṣì rọ̀, wọ́n á gún un nínú odó títí á fi kúnná, wọ́n á fi epo pupa àti ẹja gbígbẹ sè é pẹ́ dáadáa, wọ́n á wá bù ú sórí ìrẹsì. Lójú wọn, ewé tí ẹnikẹ́ni kò jẹ kò ní olówó. Lójú àgbẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ń já lórí kò ní ta dáadáa nísàlẹ̀. Ni bàbá àgbẹ̀ kan bá gbé àdá wá sẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní olè ló ń gbé ilé yìí. Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ewé tí wọ́n ń jà lé lórí sì wà nínú odó. Màmá mi ló dúró sáàárín. Ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí ni pé ìgbà tí wọ́n bá ń wa ẹ̀gẹ́ nìkan ni kó máa wá já ewé, kó sì máa san nǹkan díẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyàwó bàbá náà fi ń di ewé yẹn lọ tà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Ọ̀rọ̀ olè tí gbogbo àdúgbò ń pariwo kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ wọn lára. Tí ewúrẹ́ bá sọnù, àgọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ nàka sí.

Ìbínú àwọn ará ìlú kò ṣàdédé wá, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé kò nídìí. Aṣọ àti iṣu ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó lọ fún àwọn àlejò. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú rí i tí wọ́n ń pín oúnjẹ fún àwọn àlejò náà lásìkò tí ìyà ń jẹ àwa náà. Àwọn kan ní ọmọ tó bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ dá sí ogun Làìbéríà, lọ tí kò padà wálé. Àwọn lébìrà ń ráhùn pé ogunléndé ń gba owó táṣẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó táṣẹ́rẹ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n bínú sí, kì í ṣe ẹni tí ebi mú kó gbà á. Àti pé Sàró tí wọ́n ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí yẹn, Freetown, olú-ìlú ibẹ̀, ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, kalẹ̀ sí ní 1822 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ibẹ̀ ló ti kàwé.

Ó dé orí owó ilé. Irun ni ayálégbé wa ń dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Tí yunifásítì bá ti wà ní títì, kò sówó nìyẹn. Màmá mi mú un lọ sọ́dọ̀ alájọ, ó ń dá díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni owó ilé ti ń jáde. Nítorí náà, ẹ má béèrè owó ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ máa gbà á lóṣooṣù. Kí ẹ sì sọ iye ènìyàn tí yàrá gbà kí wọ́n tó kó wọlé, torí ìbátan wọn tó bá tún sá dé, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò wá. Ṣáláńgá wa tètè kún nítorí èyí.

Ẹ má sì rò pé àwọn tó wá láti ilẹ̀ kan náà fẹ́ràn ara wọn. Nígbà tí yàrá kan ṣófo, màmá mi fẹ́ fi fún ọkùnrin Làìbéríà mìíràn, wọ́n rò pé inú ayálégbé wa yóò dùn. Kò fèsì kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yà Gio ni obìnrin náà, ará Nimba ní Làìbéríà. Krahn ni ọkùnrin náà, ẹ̀yà Doe tó jẹ́ Ààrẹ Làìbéríà nígbà náà. Lẹ́yìn tí Quiwonkpa, ọ̀gágun tó jẹ́ ará Nimba, fẹ́ fipá gbàjọba ní 1985, àwọn ọmọ ogun Doe pa àwọn ará Nimba lọ rẹpẹtẹ. Nígbà tí Charles Taylor, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, sì gba Nimba wọlé ní 1989, ó kan àwọn Krahn. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin yẹn má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Òun àti obìnrin náà jọ ń tò fún omi nínú àgọ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn wọn dojú kọra lálẹ́, ìyẹn kọjá ohun tó lè gbà. Màmá mi fi yàrá náà fún akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Pé wọn kì í lọ mọ́, irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló padà nígbà tí ilé rọ̀. Ní 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà, Sàró àti ECOWAS (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá fẹ́ dúró yóò gba ìwé ìrìnnà ilẹ̀ rẹ̀, Nàìjíríà yóò sì fún un ní ìwé ìgbélùú. Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS ní tiwọn, nítorí náà káàdì ogunléndé ni kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ dá ojúlówó padà fún wọn, torí wọn yóò nílò rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Tí wọ́n bá ní ọmọ tó tó ilé ìwé lọ, ẹ bá wọn lọ rí ọ̀gá ilé ìwé fúnra yín. Wọ́n ti ń dá ayálégbé wa padà lẹ́nu géètì nítorí kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí màmá mi wé gèlè tẹ̀lé e lọ ni wọ́n gbà wọ́n.