Àpá Tó Wú Sókè: Oògùn Wo Ni Kí Wọ́n Kán Sí Ojú Lésà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Eéwo kan mú mi láyà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti jinná, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wú, ó le, ó sì ń yún mi lóru. Dókítà ní àwọn lè fi lésà dá ihò wẹ́wẹ́ sí i, kí àwọn wá kán triamcinolone tàbí 5-FU sí i. Èwo ni kí n mú? Mo ṣì ń fún àwọn ọmọ lọ́mú.
Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Gbólóhùn tí ẹ fi kádìí ìwé yín ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀. Oògùn jẹjẹrẹ ni 5-FU, ó máa ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pọ̀ sí i lọ́wọ́, nítorí náà wọn kì í fún aboyún tàbí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Bí dókítà kò bá béèrè, ẹ sọ fún un. Triamcinolone náà, tí í ṣe oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú wíwú wálẹ̀, bí ó bá pọ̀, lè dín omi ọmú kù fún ìgbà díẹ̀.

Lésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tó lágbára, kọ́ ni oògùn níbí, ọ̀nà ni ó ń là. Àpá tó wú máa ń le débi pé oògùn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà sí i lè máa tú padà jáde, ṣùgbọ́n lésà CO2 a máa dá ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ káàkiri orí rẹ̀, wọn yóò sì kán oògùn sí i lójú ẹsẹ̀, kí ihò tó dí. Bí wọ́n ṣe fi oògùn méjèèjì wéra, agbára wọn láti mú àpá wálẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ sára ni ó yàtọ̀. Triamcinolone lè sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì lè fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀, èyí tí kì í fara sin lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. 5-FU lè dá egbò sílẹ̀, ó sì lè mú ojú ibẹ̀ dú.

Ní tèmi, triamcinolone ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n bí àpá náà bá nípọn gan-an, ihò lésà kò ní dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ triamcinolone láìsí lésà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, kí owó lésà ṣì wà lápò. Bí ó bá wá di ti lésà (kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onírun o), ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní igun kékeré kan, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wo àwọ̀ tí ibẹ̀ yóò yọ.